Ṣẹ́ẹ̀dì Olówó Pọ́ọ́kú fún Oko Allotment: Ẹ Béèrè, Ẹ̀gbọ́n Olóko Á Dáhùn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin olóko wa nílùú ọba. Lóṣù yìí, lẹ́tà tó wọlé lórí ṣẹ́ẹ̀dì pọ̀ ju ti ẹ̀fọ́ lọ, ó sì yé mi, torí ẹni tó bá ti ń retí plot, ìyẹn ilẹ̀ oko kékeré tí káńsù ń yá fáwọn ará ìlú nínú allotment, látọjọ́ yìí tó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ géètì, ibi tó máa kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì sí ló máa kọ́kọ́ dà á láàmú. Mẹ́rin ni mo mú nínú wọn.

*Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, Ẹ̀gbọ́n Olóko. Káńsù ṣẹ̀ṣẹ̀ fún èmi àti bàbá àwọn ọmọ ní ìlàjì plot, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo la fẹ́ fi ṣáájú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bọ́ọ̀sì la máa ń wọ̀ lọ, a ò lè máa gbé fọ́ọ̀kì àti réèkì wọ bọ́ọ̀sì ní gbogbo ìgbà. £300 la ní fún ṣẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló mọ. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ ká ra ńlá, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 6, kó lè gba gbogbo nǹkan wa. Èmi rí onípákó kan tó jẹ́ 6 sí 4, mo tún rí onírọ́bà àti onírin. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, ó máa ń sán nígbà ooru, tójò bá wá rọ̀ á máa fà mọ́ bàtà. Èwo ni ká rà? Ìyá Ìbejì, Thamesmead.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire o, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan £300 yẹn, ẹ lọ mú ìwé àdéhùn tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, kẹ́ ẹ ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì dáadáa, torí ohun tí káńsù kan gbà, òmíì ò gbà á. Àwọn kan á ní ẹ ò gbọdọ̀ kọjá 6 sí 4, àwọn kan gba 8 sí 6, àwọn kan máa wo bó ṣe ga tó, àwọn míì tiẹ̀ máa sọ àwọ̀ tẹ́ ẹ máa fi kùn ún. Èyí tó wọ́pọ̀ gan-an ni pé wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ da kọnkéré síbẹ̀, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé sórí plot gbọ́dọ̀ ṣe é tú, ẹ ṣáà ń yá ilẹ̀ yẹn lò ni, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dá a padà wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kó ṣẹ́ẹ̀dì yín lọ. Ẹ kọ ímeèlì sí akọ̀wé oko yín, ẹ sọ ìwọ̀n ẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ sì dúró kí ìdáhùn wọlé ní kíkọ. Tí aládùúgbò plot bá ní "kò sí wàhálà, ẹ kàn máa gbé e síbẹ̀", ìyẹn kì í ṣe ìyọ̀ǹda o. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnì kan tú ṣẹ́ẹ̀dì tuntun lulẹ̀ torí ẹsẹ̀ bàtà kan tó fi kọjá ìwọ̀n, owó ẹ̀ wọgbó bẹ́ẹ̀.

Lórí ńlá tí bàbá àwọn ọmọ ń fẹ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Plot tó pé, pole 10 ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n látijọ́, ìyẹn bíi square mita 250, ìlàjì tiyín á jẹ́ bíi 125. Ṣẹ́ẹ̀dì 8 sí 6 máa jẹ bíi square mita mẹ́rin ààbọ̀ nínú ẹ̀, 6 sí 4 ò ní ju méjì àti díẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ méjèèjì tó bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ kan gidi, tẹ́ ẹ bá gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀ lóṣù kẹfà, tẹ́ ẹ ń já a tó tún ń yọ, ẹ máa jẹ ẹ́ wọ oṣù kẹsàn-án. Fọ́ọ̀kì, ṣọ́bìrì, ọkọ́, réèkì, ike ìbomirin, àga méjì, báárò tẹ́ ẹ bá gbé e nàró, 6 sí 4 gba gbogbo ẹ̀. Ohun tó máa ń kún ṣẹ́ẹ̀dì ńlá ni ike òfìfo àtàwọn ẹrù tí wọn ò fẹ́ rí nílé mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìsàlẹ̀ tó kan ilẹ̀ àti òkè tójò ń rọ̀ sí ló máa ń pa ṣẹ́ẹ̀dì. Ògiri tó ń dán nínú fọ́tò yẹn kọ́ ló máa kọ́kọ́ jẹrà. Nítorí náà ilẹ̀ àti òrùlé ni kẹ́ ẹ náwó sí, ìyókù kó dá bó ṣe lè dá. Amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yìí máa ń sún kì nígbà ooru, á tún wú nígbà òtútù, ṣẹ́ẹ̀dì tí wọ́n kàn gbé lé e lórí gbẹrẹfu á wọ́, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní ṣe é tì mọ́.

Ẹ wá slab onísìmẹ́ǹtì, àlòkù ni o, àwọn tó ń tún ẹ̀yìnkùlé wọn ṣe máa ń fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Freecycle àti Facebook Marketplace. Ẹ ha koríko kúrò, ẹ bu erùpẹ̀ òkè díẹ̀ sọnù, ẹ da yanrìn sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le, kẹ́ ẹ wá tẹ́ slab sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí àárín gbùngbùn, àti sí àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó gùn. Ẹ gbé pákó gbọọrọ kan tó tọ́ lé wọn láti ọ̀kan dé èkejì, ẹ gbé spirit level, ohun tí bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá nǹkan dọ́gba, lé pákó yẹn, slab tó bá ga ẹ gbé e kẹ́ ẹ bu yanrìn abẹ́ ẹ̀ kúrò, èyí tó bá rẹlẹ̀ ẹ bu kún un, ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi dọ́gba kárí. Ó lè gba odindi ọjọ́ kan, ẹ má kánjú, iṣẹ́ yìí gan-an niṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá wá to igi ìsàlẹ̀ lé slab, ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n ní ìdábùú, láti igun dé igun: fún 6 sí 4, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bíi 220 cm lápá méjèèjì. Tápá kan bá gùn ju èkejì lọ, ó ti wọ́ nìyẹn, ògiri ò sì ní pàdé ara wọn. Láàárín slab àti igi, ẹ tẹ́ rọ́bà dúdú tí bíríkìlà máa ń tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri kómi má bàa gòkè, róòlù ẹ̀ ò wọ́n. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́ ibẹ̀ kọjá, àmọ́ ẹ fi wáyà adìẹ yí àlàfo náà ká, torí eku àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fẹ́ràn abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì gan-an.

Ó wá ku ohun tí wọ́n fi ṣe é. Onírin sábà máa ń rọjú nínú àwọn tuntun, kò sí igi tó máa jẹrà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kì í bá ilẹ̀ inú wá, ẹ̀yin lẹ máa wá nǹkan tẹ́ síbẹ̀, tí òtútù bá sì dé, omi á máa hù sí inú òrùlé ẹ̀, á máa kán tó, tó, sórí irinṣẹ́ yín. Ó tún fúyẹ́. Ẹ rántí ìjì Eunice ní February 18, 2022, tó fa òrùlé gbọ̀ngàn ńlá O2 ya ní Lọ́ńdọ̀nù, irú ìjì bẹ́ẹ̀ tó bá bá ṣẹ́ẹ̀dì onírin tí wọn ò fi bóòtù so mọ́ nǹkan kan, plot ẹlòmíì lẹ ti máa lọ gbé e. Onírọ́bà náà fúyẹ́, òun ò nílò ọ̀dà rárá, ìyẹn dáa, àmọ́ èyí tó nípọn nínú wọn wọ́n, ibi tó bá sì ti là kò ṣe é kàn bíi pákó.

Onípákó tẹ́ ẹ rí yẹn, lówó tẹ́ ẹ ní yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ overlap, ìyẹn èyí tí pákó kan gun èkejì lórí, pákó ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn. Shiplap lèyí tí etí pákó ti wọnú ara wọn, òjò kì í tètè ráyè láàárín ẹ̀. Ẹ tún béèrè bí wọ́n ṣe fi oògùn sí igi ẹ̀. Tí wọ́n bá ní dip treated, wọ́n kàn rì í bọ oògùn ni, ẹ máa máa kùn ún lọ́dọọdún, tẹ́ ẹ bá fo ọdún kan gáráǹtì lè já. Pressure treated, ẹ̀rọ ló fi agbára ti oògùn wọnú igi, wọ́n sì sábà máa ń fún un ní gáráǹtì ọdún 10 sí 15 pé kò ní jẹrà. Ẹ wo ilẹ̀ inú ẹ̀ náà, tó bá jẹ́ OSB, ìyẹn èyí tí wọ́n fi èérún igi lẹ̀ pọ̀, tomi bá ti rí i bá, á wú, á sì máa ṣí. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí lọ́rì máa já a sí, torí púpọ̀ nínú wọn, etí títì ni wọ́n máa ń já ẹrù sí, géètì allotment yín sì lè máà gba lọ́rì wọlé.

Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni £300 yẹn wà, mi ò ní ra overlap tuntun. Màá wá shiplap àlòkù tí onílé kan fẹ́ kó kúrò lẹ́yìnkùlé, ẹ máa ń rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá lè tú u ni kó wá gbé e, nígbà míì lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà míì owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ mú screwdriver dání lọ wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ẹnu ẹ̀ tẹ igi tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, pàápàá ní igun àti lábẹ́ ilẹ̀kùn. Tó bá le koránkorán, ẹ rà á. Tó bá wọlé bí ìgbà téèyàn ki ìka bọ ẹ̀bà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ máa lọ. Òrùlé tójò ti ń wọ̀ ò bà mí lẹ́rù tí pákó abẹ́ ẹ̀ bá ṣì dáa, felt, ìyẹn aṣọ dúdú onítáà tí wọ́n fi ń bo òrùlé, nìkan ló ya yẹn, ẹ máa ra tuntun ni. Kẹ́ ẹ tó tú u, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí gbogbo igun tó bá pàdé, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níta nínú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ máa dúró ti òkìtì pákó lórí plot, ẹ ò ní mọ èwo ni ìwájú. Owó van, owó oògùn igi, owó rọ́bà ìsàlẹ̀, gbogbo ẹ̀ máa wọ inú £300 yẹn, kó tún kù. Èyí tó bá kù, ẹ má fi ra felt tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ya láìpẹ́, páànù bitumen dúdú tàbí rọ́bà EPDM tó bo gbogbo òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà ni kẹ́ ẹ fi rà.

Ẹ gbé e sí òpin plot lápá àríwá. Ní ìlú yìí, apá gúúsù ni oòrùn máa ń wà lọ́sàn-án, tó bá wà lápá gúúsù oko yín, òjìji ẹ̀ máa bo àgbàdo yín mọ́lẹ̀. Ẹ fi àyè tí èèyàn lè gbà kọjá sílẹ̀ láàárín òun àti fẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ lè máa kùn ún lẹ́yìn. Ẹ má kọ ilẹ̀kùn sí ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ibẹ̀ ni atẹ́gùn àti òjò ti sábà máa ń wá.

*Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín láti Manchester. Bàbá òyìnbó kan tó fẹ́ fi plot ẹ̀ sílẹ̀ ní kí n wá tú ṣẹ́ẹ̀dì òun lọ́fẹ̀ẹ́. Pákó ẹ̀ ṣì le. Òrùlé ẹ̀ rí bíi páànù ilé wa ṣùgbọ́n kì í ṣe irin, ó láwọ̀ eérú, ó wúwo, ewédò ti hù sí i lára. Mo fẹ́ fi hámà fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ kí n lè kó o jù sí skip, àpótí ìdọ̀tí ńlá tí wọ́n ń fi lọ́rì gbé. Ṣó dáa bẹ́ẹ̀? Ọmọ Ìjẹ̀bú.*

Má fọ́ ọ o, jọ̀ọ́, má gbé hámà súnmọ́ ọn rárá. Ohun tó o ṣàpèjúwe yìí jọ páànù asbestos tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì pò, òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ ṣẹ́ẹ̀dì àti gáráàjì àtijọ́ ní Britain, àfi lọ́dún 1999 tí wọ́n tó fòfin de gbogbo ẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá dàgbà nílé á rántí síìlìnì asbestos, irú ẹ̀ náà ni. Tó bá wà ní odindi tẹ́nikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ewu ẹ̀ kéré. Tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n rẹ́ ẹ, tí wọ́n lu ihò sí i tàbí tí wọ́n ha ewédò ara ẹ̀, eruku tójú ò rí á bọ́ sáfẹ́fẹ́, á wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tó ń tìdí ẹ̀ wá sì lè pẹ́ tó ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kó tó fara hàn, ìgbà yẹn oògùn ẹ̀ ò sí.

Ojú lásán ò lè dá a mọ̀, lábú ló máa ń sọ ọ́. Torí náà sọ fún akọ̀wé oko tàbí káńsù tó ni ilẹ̀ kó o tó gba ṣẹ́ẹ̀dì yẹn, kí wọ́n sọ ẹni tó máa gbé òrùlé náà kúrò àti ẹni tó máa sanwó ẹ̀. Skip lásán ò gbà á, ó ní bí wọ́n ṣe máa wé e àti ibi tí wọ́n ń kó o lọ, káńsù ló máa sọ fún ẹ. Tí bàbá yẹn bá ní òun fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí lọ́sẹ̀ yìí dandan, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó o fi sílẹ̀. Pákó ọ̀fẹ́ ò tó nǹkan téèyàn ń fi ẹ̀dọ̀fóró rà.

*Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti já ṣẹ́ẹ̀dì mi lẹ́ẹ̀mejì. Àgádágodo ńlá ni mo fi sí i, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, híńjì ni wọ́n fi screwdriver tú. Strimmer tí mo fi ń gé koríko lọ, fọ́ọ̀kì tuntun lọ. Ṣé kí n kúkú ra onírin? Àbúrò yín, Peckham.*

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi, ó ń dunni. Onírin tẹ́ẹ́rẹ́ ò ní gbà ẹ́, wọ́n á fi nǹkan ká a bí wọ́n bá fẹ́. Èyí tó o ní yẹn ni kó o tún ṣe. Yọ ṣúkúrùù kúkúrú tó wà lára híńjì àti lára ibi tí àgádágodo ń kọ́, fi bóòtù tó ní orí rogodo tó ń dán dípò ẹ̀, èyí tí screwdriver ò ráyè dì mú, kó gba inú pákó kọjá, kó o wá fi wáṣà ńlá àti nọ́ọ̀tì dè é látinú. Tó bá ní fèrèsé, fi àpò ìrẹsì bò ó látinú kẹ́nikẹ́ni má rí ohun tó wà níbẹ̀.

Àmọ́ ohun tí mo gbà gbọ́ jù ni pé ohun tó bá wu olè ò yẹ kó sùn ní allotment. Strimmer, epo bẹntiró, ohunkóhun tó ní bátìrì, ilé ni kó máa bá ẹ lọ. Ṣọ́bìrì àlòkù àti fọ́ọ̀kì tó ti pẹ́ ni kó wà níbẹ̀, kó o fi ọ̀dà kọ postcode rẹ sí ọwọ́ wọn gàdàgbà. Àwọn àgbà olóko kan wà tí kì í ti ilẹ̀kùn ṣẹ́ẹ̀dì wọn pa rárá, torí owó tí wọ́n máa fi tún ilẹ̀kùn ṣe tólè bá já a ju iye gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ. Mo bá wọn fara mọ́ ọn. Pe 101 fún àwọn ọlọ́pàá kó o fẹjọ́ èyí tí wọ́n ti jí sùn, kódà tí o ò bá retí kí wọ́n rí i, tí ẹjọ́ bá pọ̀ látinú oko kan náà ni wọ́n máa ń fọkàn sí i.

*Ọmọ mi, ẹ kú làálàá o. Plot kékeré ni tèmi, ìdá kan nínú mẹ́rin plot tó pé, orúnkún ń dùn mí, èmi nìkan ni mò ń lọ. Ẹ̀rọ omi jìnnà sí mi. Ọmọ ọmọ mi ní kí n ra àpótí ìkẹ́rùsí, pé mi ò nílò ṣẹ́ẹ̀dì. Kí lẹ rí sí i? Ìyá Àgbà, Luton.*

Ẹ kú ilé o, màmá. Ká ní omi wà nítòsí yín, ọmọ ọmọ yín ló jàre: àpótí tó ṣe é jókòó lé, tó ní ìdérí, irinṣẹ́ nínú, ìjókòó lókè, ó parí. Àmọ́ omi tó jìnnà yìí ló jẹ́ kí n sọ pé kẹ́ ẹ ra ṣẹ́ẹ̀dì kékeré, ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 3, kó jẹ́ èyí tí òrùlé ẹ̀ da sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo, torí gọ́tà kan péré ló máa gbà.

Ìṣirò ẹ̀ rèé. Òjò mílímità kan lórí square mita kan, omi lita kan ni. Òrùlé 4 sí 3 lé díẹ̀ ní square mita kan, agbègbè tiyín yẹn sì máa ń gba òjò tó mílímità 600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún, ìyẹn ju lita 600 lọ láìfẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀rọ. Kò ní tó fún gbogbo oko nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ o, ṣùgbọ́n á tọ́jú ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́.

Ẹ ní kí ọmọ ọmọ yín gbé dúróòmù lita 200 sábẹ́ gọ́tà yẹn, kó gbé e lé búlọ́ọ̀kì tó ga tó tí ike ìbomirin fi máa wọ abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀rẹ̀. Kó rí i dájú pé kò mì, torí omi lita 200, kílò 200 ni. Kó dé e pa, nítorí àwọn ọmọdé àti ẹ̀fọn. Ike ìbomirin lita 5 ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta ti 10 fún yín, orúnkún yín ò nílò kílò mẹ́wàá.